Ẹ̀gbà Ọrùn Ọmọọba Ernestine

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni wọ́n rí i pé yẹtí dáyámọ́ńdì Ọmọọba Ernestine ti di dígí lásán. Kí aago mẹ́wàá tó lù, Gundel, ọmọ-ọ̀dọ̀ tó ń tọ́jú àpótí rẹ̀, ti wà látìmọ́lé. Osterloh, ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ààfin Falkenrode, kò fọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Ta lo tà á fún?"

"Mi ò tà á, ọ̀gá. Ọwọ́ mẹ́fà ló ń gbà kọjá kó tó dé etí wọn."

"Ọwọ́ ọlọ́lá nìyẹn. Pa ẹnu dé. Lọ́jọ́ Sátidé, irin gbígbóná á kàn ọ́ léjìká."

Òótọ́ ni Gundel sọ. Ọmọọba kì í fọwọ́ ara rẹ̀ wọṣọ. Láti ọwọ́ ẹni tó kéré ni nǹkan ti ń lọ sọ́wọ́ ẹni tó jù ú lọ, títí dé ọwọ́ àgbà. Nínú àwọn ọlọ́lá náà, Ìyáàfin Zawilska, ìyàwó ìjòyè láti Póláǹdì, ló dé ààfin kẹ́yìn, pẹ̀lú ìwé olóǹtẹ̀ mẹ́ta àti ajá kékeré kan. Ta ló máa bi ẹni tó ní ìwé olóǹtẹ̀ mẹ́ta léèrè ìdílé?

Ní Fúráìdé, ẹ̀gbà ọrùn ló kàn. Ernestine jókòó nínú ṣìmí, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún, torí Gundel ló tọ́ ọ dàgbà. Zawilska gba ẹ̀gbà náà, ó kọjú sí fèrèsé. Ni Adelgunde, àǹtí Ọmọọba, bá wọlé. Gbogbo ọwọ́ dúró. Àǹtí bọ́ ìbọ̀wọ́, ó na ọwọ́: òun ló ga jù níbẹ̀ báyìí, òun ló yẹ kó so ó.

Ẹ̀gbà gidi wà lọ́wọ́ ọ̀tún Zawilska, ti dígí wà lósì.

"Mo ní ẹ gbé e wá."

"Ẹ jẹ́ n kúkú bá wọn so ó, Mà."

Gbogbo yàrá mí kanlẹ̀. Ìyá àgbà kan jókòó láìgbàṣẹ. Osterloh tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí kò gbóòórùn olè láti ọjọ́ yìí, gbóòórùn ẹni tí kò mọ àṣà ààfin lójú ẹsẹ̀.

Zawilska sá gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Yẹ̀rì rẹ̀ tó fẹ̀ bí agboòrùn há sẹ́nu ọ̀nà; ó bọ́ ọ sílẹ̀, ó ń sá lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kí wọ́n tó mú un.

"Orúkọ rẹ?"

"Hanka. Irun ni mo ń ṣe fáwọn òṣèré ní Dresden."

"Yẹtí dà?"

"Inú ìrọ̀rí ajá."

"Kí ló dé tí o ò gbé ẹ̀gbà náà fún àǹtí Ọmọọba?"

"Ta ló sọ fún mi pé ẹni tó pẹ́ dé ló ń gbà á?"

Ernestine fúnra rẹ̀ ló lọ tú Gundel sílẹ̀. Wọ́dà ṣí kọ́kọ́rọ́, ó sún sẹ́yìn, ó tẹrí ba. Ọmọọba dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó ń retí ẹni tó máa ṣí i fún un, bí wọ́n ti ń ṣe láti kékeré rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ọmọọba, ṣé ẹ̀yin ni?" Gundel béèrè láti inú.

"Èmi ni."

"Ẹ fọwọ́ tì í, ọmọ mi. Ẹ tì í dáadáa."

Ó tì í. Ó wúwo, ṣùgbọ́n ó ṣí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń sunkún, Gundel náà ń sunkún.