Èso Ìkẹyìn Lórí Igi Probert

"Hettie, má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àbí ilé lo fẹ́ fi kọ́ ni?"

Mo yára gbé ọwọ́ kúrò nínú abọ́ náà. Màmá àgbà jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, aṣọ ni wọ́n fi so ọwọ́ ọ̀tún wọn kọ́ ọrùn. Orí ewé tútù ni wọ́n ti yọ̀ ṣubú ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọrùn ọwọ́ wọn dá, dókítà sì fi nǹkan funfun tó le bí òkúta dì í. Ẹnu wọn nìkan ni kò fara pa.

"Orí ìka ni kí o lò, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́," ni wọ́n wí. "Bu fùláwà àti bọ́tà yẹn, gbé e sókè, fi ìka ra á, kí o jẹ́ kó máa dà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ráyè wọnú rẹ̀."

"Màmá, imú mi ló ń wọ̀."

"Imú rẹ ò ní kú. Máa ra á."

Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹwàá ni, ewé ti ń pọ́n, ó sì ti ń wọ́ wálẹ̀. A kàn ń dánra wò ni. Ápù méjì péré la fi ṣe krọ́ńbù kékeré kan, a sì fi ṣíbí méjì jẹ ẹ́ látinú abọ́ kan náà. Ápù á wà lábẹ́ pẹ̀lú ṣúgà àti kànáfùrù díẹ̀, fùláwà tí a fi bọ́tà ra á wà lórí, ó di inú ààrò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ọdún mọ́kànlélógójì ni gbogbo Wickbourne ti ń jẹ krọ́ńbù Màmá àgbà ní alẹ́ ìkórè, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe ń wá, wọn ò tiẹ̀ mọ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì.

Lára igi tó wà lẹ́yìnkùlé ni èso náà ti ń wá. Bàbá àgbà Probert ló gbìn ín ní ọ̀sẹ̀ tí òun àti Màmá àgbà ṣègbéyàwó. Ápù sísè ni, ó tóbi, ó tutù yọ̀yọ̀, ó sì kan débi pé ẹni tó bá gé e jẹ ní tútù á di ojú. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí iná, á rọ̀, á yọ́, á sì hó bí ìfófòó wàrà. Bàbá àgbà ti kú láti ọdún mẹ́fà. Ní ọdún yìí, olú tó ń hù lára igi ti jẹ gbòǹgbò igi náà tán, agégi sì ń bọ̀ ní oṣù tó ń bọ̀. Apẹ̀rẹ̀ èso kan péré la rí ká lórí rẹ̀.

Ní abúlé wa, ẹni tó bá gbé oúnjẹ dídùn wá sí alẹ́ ìkórè kì í kàn gbé e kalẹ̀ kó lọ jókòó. Yóò dúró níwájú gbogbo ènìyàn, yóò dárúkọ igi tí èso náà ti wá, gbogbo ilé á sì dáhùn pé, "Igi náà kú iṣẹ́."

"Ọdún yìí la máa pe orúkọ igi bàbá rẹ àgbà mọ," ni Màmá àgbà wí, wọ́n ń fi ṣíbí ha etí abọ́. "Ìwọ lo sì máa pè é, torí ìwọ lo máa sè é."

Wọ́n gbé ọwọ́ òsì wọn sókè, wọ́n ń wò ó. "Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ, kò sí ìkórè tí ìka mi kì í dúdú. Oje ápù yìí, bí o bá bó ogún nínú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni ìka rẹ á fi rí bí ìka ẹni tó ń kun bàtà. Wò ó lónìí, ó funfun bí ọwọ́ akọ̀wé."

Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, ìka tèmi á dúdú fún èmi àtàwọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣèlérí, ẹnu mi kún fún krọ́ńbù.

Nígbà tó di Sátidé, Màmá àgbà ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní aago kan láti bá àwọn obìnrin yòókù to òdòdó. Ẹnu ni wọ́n máa fi to tiwọn. Ìyá mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ní Hereford. Mo wà nílé Màmá àgbà, mo ti gbé apẹ̀rẹ̀ ápù sórí tábìlì, mo ti wá ọ̀bẹ, nígbà tí ọkọ̀ fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Bryony ọ̀rẹ́ mi ni, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀.

"Bọ́ aṣọ ìdáná yẹn sílẹ̀," ni Bryony wí. "Sinimá la ń lọ."

"Mo ní iṣẹ́. Alẹ́ ìkórè ni."

"Mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lónìí, ápù lo sì fẹ́ jókòó máa bó? Hettie, ta ló fi ọ́ joyè ìyá arúgbó?"

"Mo ti ṣèlérí ni."

"Ta ló ní kí o má ṣe é? Aago mẹ́ta ni sinimá máa parí. Mẹ́ta ààbọ̀, o ti dé ibí. Krọ́ńbù ni, kì í ṣe ọmọ bíbí."

Mo wo apẹ̀rẹ̀ náà, mo wo ọkọ̀. Kí n má purọ́, mi ò wò wọ́n pẹ́. Mo ti ti ilẹ̀kùn pa kí Bryony tó sọ̀rọ̀ tán.

Fíìmù náà dùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a lọ mu tíì, ẹnìkan gbé kéèkì wá, a kọrin ọjọ́ ìbí. Nígbà tí mo wo aago, ó ti kọjá mẹ́rin, mo sì fò dìde. Kí n tó bó ápù, kí n tó ra fùláwà, kí abọ́ ńlá náà tó jiná, ó gbọ́dọ̀ tó wákàtí méjì ààbọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ sì ni alẹ́ ìkórè máa bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀rù kí ló ń bà ọ́?" ni Bryony wí. Ó fà mí lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà nítòsí, ó sì dúró níwájú ẹ̀rọ amóhuntutù kan. "Wò ó. Krọ́ńbù ápù, wọ́n ti sè é tán. Mú mẹ́ta, dà á sínú abọ́ Màmá, fi fọ́ọ̀kì tú orí rẹ̀, gbé e sínú ààrò kó gbóná. Ta ló máa mọ̀? Ápù, ápù ni."

Mo mọ̀ pé ápù kì í ṣe ápù. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní Wickbourne ti mọ ìyẹn kó tó hu eyín. Ṣùgbọ́n mo mú páálí mẹ́ta náà.

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, katakata tó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù tó kún fún ápù lọ síbi tí wọ́n ti ń fún un di ọtí wà níwájú wa, ó ń rìn bí ìgbín, kò sì sí ibi tí a lè yà sí. Aago mẹ́fà ku díẹ̀ la délé. Mo da páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú abọ́ Màmá àgbà tó ní ìlà búlúù létí, mo sì gbé e sínú ààrò kó gbóná. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ ápù lọ sí ilé irinṣẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, mo sì fi àpò bò ó bí ẹni tó ń tọ́jú ẹrù olè.

Gbọ̀ngàn abúlé kún. Ó tó ọgọ́ta ènìyàn. Mo fi aṣọ ìnuwọ́ gbá abọ́ náà mú wọlé, Màmá àgbà sì wà nídìí tábìlì tó sún mọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n wo abọ́, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n tún wo abọ́.

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí.

Ó kàn mí láti dárúkọ igi. "Igi Probert," ni mo wí.

"Kí ló wí?" ni Bàbá Gwilliam bèèrè. Aládùúgbò Màmá àgbà ni, etí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́.

Ó di dandan kí n pa irọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. "Igi Probert!"

Gbogbo ènìyàn dìde. Wọn kì í dìde tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ìgbà ìkẹyìn nìyẹn. "Igi náà kú iṣẹ́," ni wọ́n dáhùn, àwọn mìíràn ń nu ojú.

Wọ́n bù ú, wọ́n da kọ́sítáàdì lé e, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń yìn mí. Ọkàn mi ti fẹ́ máa balẹ̀ nígbà tí mo rí Bàbá Gwilliam. Ó ti fi ṣíbí kan sẹ́nu, ó dúró. Ó tú inú abọ́ rẹ̀ wò. Àwọn ápù náà dúró ní igun mẹ́rin mẹ́rin, wọn ò yọ́ rárá. Ó gbé ojú sókè wo Màmá àgbà ní òdìkejì tábìlì. Màmá àgbà mi orí fún un díẹ̀, bí ẹni pé kòkòrò kan ló bà lé wọn létí. Bàbá Gwilliam tẹrí ba, ó sì jẹ ẹ́ tán.

"Ó dáa, ọmọ," ló sọ fún mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sí ọdún tí kì í ní kí wọ́n tún bù ú fún òun. Lọ́dún yìí kò sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí Màmá àgbà dìde kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Màmá àgbà tí kì í purọ́ ọjọ́ orí wọn pàápàá dìde dúró, wọ́n sì ní, "Ẹ ṣeun, ẹ kú àjọṣe." Wọ́n jókòó, wọ́n jẹ gbogbo ohun tó wà nínú abọ́ wọn, wọn ò ṣẹ́ ohunkóhun kù. Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti wà nílé Màmá àgbà. Wọ́n ń mu tíì.

"Màmá, krọ́ńbù àná yẹn..."

"Mo mọ̀."

"Látìgbà wo?"

"Látìgbà tó o ti gbé e wọlé. Ẹni tó bó apẹ̀rẹ̀ ápù Probert, ìka rẹ̀ kì í funfun tó bẹ́ẹ̀ yẹn."

Ẹkún gbọ̀n mí. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Níwájú gbogbo ayé? Igi ni igi, ọmọ lọmọ. Mi ò lè torí igi dójú tì ọ́." Wọ́n gbé ife kalẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó dùn mí, Hettie, mi ò ní tàn ọ́. Mo fẹ́ gbọ́ orúkọ igi bàbá rẹ àgbà lórí èso rẹ̀, kì í ṣe lórí nǹkan inú páálí."

"Ẹ nà mí, Màmá."

"Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à á fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọ̀tún mi ti dá. Òsì yìí ló máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì." Wọ́n fi ìkúùkù òsì náà kàn mí lórí, ó dùn mí díẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ kan náà fà mí mọ́ra. "Níbo lo gbé àwọn ápù ọ̀hún sí?"

"Ilé irinṣẹ́, lábẹ́ àpò."

"Bíi ẹrù olè. Lọ gbé wọn wá."

Nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, a ò lọ. Mo bó ápù mẹ́tàlélógún. Màmá àgbà ń fi ẹnu ṣe tiwọn: "Ó nípọn jù. Èèpo lò ń bó àbí ápù lò ń gbẹ́? Fi ìka ra á, Hettie, ìka." Nígbà tí abọ́ náà jáde nínú ààrò, oje ti hó gba etí rẹ̀ jáde, orí rẹ̀ sì pọ́n bí ewé tó wà níta.

Mo ní, "Màmá, mo máa sọ fún wọn."

"Èmi ò ní kí o sọ o."

"Mo mọ̀."

Ní ọ̀sán, àwọn tó ń palẹ̀ gbọ̀ngàn mọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́. Bryony náà wà níbẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀ ń to àga. Mo gbé abọ́ náà sórí tábìlì tó kù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi. Èyí tí mo gbé wá lánàá, ṣọ́ọ̀bù ni mo ti rà á. Mo lọ sinimá, mi ò sè nǹkan kan. Mo pe orúkọ igi Bàbá àgbà sórí irọ́. Ẹ má bínú. Èyí tí mo sè fúnra mi nìyí." Mo mí kanlẹ̀. "Igi Probert."

Ìgbálẹ̀ dúró. Bryony ń wo ilẹ̀. Obìnrin kan fi ẹnu pòṣé, ó ní, "Ọmọ ayé òde òní."

Ìgbà náà ni Bàbá Gwilliam gbé ìgbálẹ̀ tirẹ̀ ti ògiri. Ó ti ọwọ́ bọ àpò kóòtù rẹ̀, ó sì yọ ṣíbí kan jáde.

"Ilé ni mo ti mú un wá," ló wí. "Mo mọ ilé tí ọmọ yìí ti jáde. Láti àná ni mo ti ń retí rẹ̀."

Ó bu ṣíbí kan sẹ́nu, ápù náà yọ́, ó di ojú nítorí kíkan rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. "Igi náà kú iṣẹ́," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ròkè bíi ti gbogbo ẹni tí kò gbọ́ràn. Nígbà náà ni àwọn yòókù dáhùn, títí kan obìnrin tó pòṣé. Màmá àgbà dáhùn pẹ̀lú wọn, ojú wọn kún fún omi.

Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ọgọ́ta ló sì dìde fún mi lánàá rẹ̀. Àwọn tó kù kò ní tọ́ èso igi yẹn wò mọ́ láéláé, nítorí agégi dé ní oṣù Kọkànlá, kò sì sí àforíjì tó lè dá ìyẹn padà. Ohun tí mo fi kọ́gbọ́n nìyẹn. Ẹni tó bá purọ́, wọ́n lè dárí jì í ní wéréwéré bí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ náà á ti gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìlérí tí a bá ṣe fún ẹni tó fẹ́ wa, ọwọ́ ara wa ni ká fi mú un ṣẹ.

Ní ọjọ́ Ajé, Bryony jókòó tì mí ní kíláàsì, ó sì ń wo ìka mi.

"Hettie, ọṣẹ ò sí nílé yín ni?"

"Ó wà," ni mo wí, mo sì tẹ́ ìka dúdú mẹ́wàá náà sórí tábìlì kí gbogbo ènìyàn lè rí wọn dáadáa.