Ẹ̀jẹ̀ Ishaq, Orúkọ Kọ́lápọ̀

Ní ẹ̀ka ọkọ̀ yunifásítì kan ní ìlú Ìbàdàn, ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà. Inú rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń buwọ́ lù láràárọ̀, kí ọ̀gá lè mọ ẹni tó dé. Bí òfin ṣe wí nìyẹn o. Ní ti gidi, ẹni tó bá tètè dé ló ń buwọ́ lù fún ẹni tó ṣì wà lọ́nà, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀.

Kọ́lápọ̀ ló ń wa bọ́ọ̀sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni, Olódò ló ń gbé. Ishaq ni mẹkáníìkì tó ń tún bọ́ọ̀sì náà ṣe. Òun kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì lọ, Adegbayi ló sì ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn buwọ́ lùwé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n bá ìwé kan lára ògiri: "Ètò Ìlera Òṣìṣẹ́. Ọ̀la ni ti àwọn awakọ̀. A ó yẹ ìfúnpá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Ọ̀fẹ́ ni. DANDAN NI."

Ọ̀rọ̀ "dandan" yẹn ló kó jìnnìjìnnì bá Kọ́lápọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá náà ló ti dá a lójú pé òun náà ní in, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ kan òun lápá láti ìgbà náà.

"Ishaq, bá mi lọ síbi àyẹ̀wò yẹn," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì. "Orúkọ mi ni kí o dá fún wọn."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Tí wọ́n bá rí i pé ìfúnpá mi ga, wọ́n á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n á ní kí n wá máa ṣí géètì. Tàbí kí wọ́n ní kí n kúkú máa lọ sílé."

Ishaq bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà! Ṣé bí mo ṣe ń bá yín buwọ́ lùwé náà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ara tìẹ le. Kí ni wọ́n fẹ́ rí níbẹ̀?"

"Kò burú. Ọ̀sẹ̀ mìíràn ni ti àwa mẹkáníìkì, màá tún lọ fún ara mi nígbà yẹn." Ó gba ìwé pélébé àyẹ̀wò tí wọ́n pín fún àwọn awakọ̀, èyí tí orúkọ Kọ́lápọ̀ wà lórí rẹ̀, ó kì í bọ àpò.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Kọ́lápọ̀ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Ìlọrin. Ọ̀sán ni Ishaq pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti parí o."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Mi ò dúró gbọ́. Ọmọbìnrin kan níbẹ̀ fẹ́ máa bèèrè káàdì iṣẹ́, mo yáa sá jáde."

Kọ́lápọ̀ mí kanlẹ̀. Ó sùn dáadáa ní Ìlọrin lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ishaq gba ìsinmi ọjọ́ díẹ̀, ó lọ sí Ìrókò láti lọ wú ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, fóònù Kọ́lápọ̀ dún.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ nìyẹn? Nọ́ọ̀sì Gbọ́njúbọ́lá ni, èmi ni mò ń darí ètò ìlera òṣìṣẹ́. Láti àná ni mo ti ń pè yín."

Lóòótọ́ ni. Kọ́lápọ̀ ti rí nọ́ńbà àjèjì náà nígbà tó ń wakọ̀ bọ̀ láti Ìlọrin, kò kà á sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ń wakọ̀ lọ́wọ́ ni? Tí ẹ bá ń wakọ̀, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì."

"Rárá o, mo wà nínú ọgbà. Ṣé kò sí, mà?"

"Ìfúnpá yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òkè jẹ́ igba ó lé mẹ́rìnlá, ìsàlẹ̀ jẹ́ méjìdínláàádóje. Ó ga kọjá bó ṣe yẹ, ó léwu. A ní kí ẹ jókòó ká tún un wọ̀n, ẹ ní ẹ ń lọ tọ̀, a ò rí yín mọ́. Ṣé orí ń fọ́ yín? Ṣé ojú yín ń ṣe bàìbàì? Ẹ máa bọ̀ báyìí, sà, ẹ má wa ọkọ̀ wá."

Iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ sí Kọ́lápọ̀ lọ́kàn. Wọ́n ti rí i mú, bọ́ọ̀sì ti lọ. Ìgbà tó yá ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Kì í ṣe apá tirẹ̀ ni wọ́n wọ̀n. Apá Ishaq ni.

"Mò ń bọ̀, mà," ló sọ. Ó pa fóònù, kò sì lọ.

Ó pe Ishaq. Kò wọlé. Ó tún un pè, kò wọlé. Ó pe Kifayah, ìyàwó Ishaq, ní Adegbayi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Kifayah wí. "Ìrókò ló wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ò dáa. Mo tiẹ̀ ní kó má lọ, torí orí ti ń fọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oògùn ẹ̀fọ́rí ló ń lò mọ́ ọn. Ó ní oòrùn ni. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, kò sí. Mo kàn ní kí n kí i ni."

Kò sí! Ẹ gbọ́ ohun tí àgbà ọkùnrin sọ. Òtútù ń mú un nínú oòrùn, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń sọ fún ìyàwó oníyàwó pé kò sí.

Ó jókòó sínú bọ́ọ̀sì òfìfo, ó ń bá ara rẹ̀ jiyàn. Tó bá jẹ́wọ́, ìgbìmọ̀ ìbáwí ni yóò lọ, Ishaq náà yóò sì bá a lọ. Bóyá ẹ̀rọ ló kọṣẹ́. Ishaq tó ń fi ọwọ́ kan yí táyà bọ́ọ̀sì! Ó tún nọ́ńbà Ishaq pè. Ìgbà gbogbo tí ó bá pè tí kò wọlé ni ẹ̀rù rẹ̀ ń pọ̀ sí i, síbẹ̀ kò dìde. Nígbà tí aago kan kọjá tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó wọkọ̀ lọ sílé ní Olódò.

Motúnráyọ̀, ìyàwó rẹ̀, ń pa ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Tèmídayọ̀, kí ló ṣe yín? Ojú yín ti yí padà."

Ó rò ó fún un láti orí dé ìdí. Motúnráyọ̀ gbé àtẹ ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Láti aago mẹ́wàá lẹ ti mọ̀?"

"Mò ń gbàdúrà sí i ni."

"Inú ìjọ Kérúbù ni wọ́n bí mi sí, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ohun tó ń ṣe ọmọ ọlọ́mọ yẹn! Òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀. Ìyàwó ẹ̀ ò mọ̀. Tí nǹkan bá ṣe é lónìí, kí lẹ máa sọ fún Kifayah? Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!"

Aago mẹ́ta kù díẹ̀ nígbà tí Kọ́lápọ̀ dọ̀bálẹ̀ sínú ọ́fíìsì Nọ́ọ̀sì Gbọ́njúbọ́lá. Ó rò pé ìyá náà yóò pariwo mọ́ òun. Kò pariwo. Ìbéèrè méjì péré ló bi í.

"Ta ni wọ́n wọ̀n?"

"Ishaq, mẹkáníìkì wa."

"Ibo ló wà?"

Bí ó ti ní Ìrókò, obìnrin náà ti gbé àpò rẹ̀, ó ti ń pe awakọ̀ ọkọ̀ aláìsàn. Kọ́lápọ̀ tó ti bá Ishaq dé oko náà rí jókòó síwájú láti júwe ọ̀nà. Wọ́n ti kọjá Mọ́níyà kí ó tó lè lanu.

"Mà, ṣé ìgbìmọ̀ ni mo máa lọ báyìí?"

"Ta ló sọ fún yín pé à ń fi èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá? Ẹ̀yin àti ilé ìwòsàn nìkan lẹ ni èsì yín. Iye èèyàn tó wá nìkan là ń sọ fún wọn, a kì í kọ orúkọ. Àwọn awakọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru pọ̀ nínú ọgbà yẹn. Wọ́n ń lo oògùn wọn, a ń wọ̀n wọ́n déédéé, wọ́n sì ń wakọ̀ wọn."

"Mi ò mọ̀, mà."

"Ẹ̀bi tiwa náà wà níbẹ̀. A kọ 'dandan' gàdàgbà sára ògiri, a ò sì ṣàlàyé. A fi èrò kún gbọ̀ngàn, a ò yẹ káàdì ẹnikẹ́ni wò kó tó jókòó. Ká ní ẹ wá bá mi láàárọ̀ tí ẹ ò jẹ́wọ́, oògùn ẹlòmíràn ni ǹ bá fún yín gbé mì. Ẹ̀yin méjèèjì ni ǹ bá ṣe léṣe."

Wọ́n bá Ishaq lábẹ́ igi kan létí oko. Àwọn ará oko ti gbé e ti ìdí igi náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà gbọọrọ níwájú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tó rí Kọ́lápọ̀, ó fẹ́ kí i, ṣùgbọ́n ohùn tó jáde kò yé ẹnikẹ́ni. Bàbá àgbàlagbà kan tí oko rẹ̀ pààlà pẹ̀lú tirẹ̀ mú igbá epo pupa lọ́wọ́, ó fẹ́ dà á sí i lẹ́nu.

"Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, bàbá!" ni nọ́ọ̀sì ké. "Kò lè gbé e mì, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ishaq, gbé ọwọ́ méjèèjì sókè fún mi."

Ọwọ́ òsì gòkè. Ọwọ́ ọ̀tún kò kúrò lórí itan.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, bàbá?"

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán ni," ni bàbá náà dáhùn. "Kò tíì tó wákàtí kan. Àdá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, òun náà sì lọ sílẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń bá wa ṣeré o. A rò pé oòrùn ni."

Láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Kọ́lápọ̀ lára. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń bá ara rẹ̀ jiyàn nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń bá àwọn ará oko ṣeré. Ó gbé Ishaq lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ti ń gbé e wọkọ̀, ó sì ń sunkún, kò bìkítà fún ẹni tó ń wo òun.

Ishaq kò kú. Rọpárọsẹ̀ ni dókítà pè é, wọ́n sì ní ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i lábẹ́ igi yẹn ni, ìbá ti lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ohùn rẹ̀ ti padà, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì lè di sípánà mú.

Wọ́n wọ̀n Kọ́lápọ̀ náà níkẹyìn. Ìfúnpá rẹ̀ ga díẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kó dín iyọ̀ kù, ó sì ń wa bọ́ọ̀sì rẹ̀ títí di òní. Lẹ́tà ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀gá ẹ̀ka kọ fún un lẹ́yìn tó lọ jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ kò ju ìyẹn lọ.

Ó ń lọ kí Ishaq ní Adegbayi lọ́jọ́ Àìkú. Ní ọjọ́ kan, Ishaq wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, aago mélòó ni wọ́n pè yín lọ́jọ́ yẹn?"

Kọ́lápọ̀ kò lè purọ́ mọ́. "Aago mẹ́wàá àárọ̀."

Ishaq kò bú u. Ó kàn fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó gbé e sórí itan, ó sì ní kí Kifayah bu omi fún àlejò. Ìbá tẹ́ Kọ́lápọ̀ lọ́rùn kó bú òun.

Ìwọ òṣìṣẹ́ tó ń ka ìtàn yìí, má ṣe rán ẹnikẹ́ni lọ síbi àyẹ̀wò lórúkọ rẹ, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán ọ. Èsì tó bá jáde kò ní wúlò fún ẹ̀yin méjèèjì. Lọ fúnra rẹ, dúró títí wọn yóò fi sọ iye tó jẹ́ fún ọ. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ nítorí iṣẹ́ rẹ, bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó wọ̀n ọ́, pé ta ni yóò rí èsì yìí? Ẹ̀tọ́ rẹ ni láti mọ̀ ọ́n.

Má ṣe gbára lé agbára ara tàbí kékeré ọjọ́ orí. Ẹ̀jẹ̀ lè máa ru láì sí àmì kankan. Ẹ̀fọ́rí tí kò lọ bọ̀rọ̀, má fi oògùn ẹ̀fọ́rí nìkan bá a yí.

Bí ẹnu ẹnìkan bá wọ́ lójijì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kólòlò, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan sì rọ, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ fún un ní epo, omi tàbí àgbo mu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí irú ètò báyìí, ẹ ṣàlàyé fún àwọn òṣìṣẹ́ kí ẹ tó pè wọ́n. Ẹ yẹ káàdì wò, ẹ wọ̀n wọ́n níbi tó pamọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga jáde lójú yín.

Bí o bá sì ti ṣe irú àṣìṣe tí Kọ́lápọ̀ ṣe, tí o mọ ohun tó ń ṣe ẹlòmíràn tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, sọ ọ́ nísinsìnyí, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le.