Àgádágodo Ẹnu Ilé Ìdáná

Yàrá eku ni Níyì àti Ọlámipọ̀sí ti pàdé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ kì í yan ibi tí yóò ti báni.

Níyì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ní yunifásítì Ọyẹ́-Èkìtì. Pọ̀sí ní tirẹ̀, tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi ni. Ó kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá wo yàrá tí Níyì ti ń fi eku ṣe ìwádìí, ó sì dúró ti eku kan tó sanra débi pé agbára káká ló fi ń yí ara padà.

"Ọ̀gá, kí lẹ ń fún èyí jẹ?"

"Ohun táwọn yòókù ń jẹ náà ni," Níyì fèsì. "Ibì kan wà nínú ọpọlọ tí kò tóbi rárá. Àwọn èròjà kéékèèké ń jíṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan á ní ebi ń pa ọ́, àwọn kan á ní o ti yó, àwọn kan á ní kí o sùn. Èyí tó ń jíṣẹ́ pé eku yìí ti yó ni kò débẹ̀ mọ́."

"Ẹ̀yin lẹ sì ṣe é bẹ́ẹ̀? Ìkà ni yín o!"

Ìkà náà ló fẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ìlú àwọn Pọ̀sí ní Ìlógbò ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, ìyá Pọ̀sí sì jó títí bàtà fi bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ìgbà tó yá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Pọ̀sí, ojú rẹ̀ ń ṣú. Kókó kan ti hù nínú ọpọlọ rẹ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kò fi nǹkan kan pamọ́ fún wọn. Ó ní kókó náà ti lẹ̀ mọ́ ibi tí ebi àti yíyó ti ń jíṣẹ́. Bí àwọn bá yọ ọ́, ojú á là, ẹ̀mí á sì dúró, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lè bà jẹ́.

"Ẹ yọ ọ́," Pọ̀sí wí.

Ojú là lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Pọ̀sí kò yó mọ́.

Kì í ṣe wọ̀bìà o! Wọ̀bìà a máa gbádùn oúnjẹ tó ń jẹ. Pọ̀sí á jẹ iyán tán, á máa sunkún, á sì tún máa fọwọ́ nu ìkòkò. Aṣọ kò gbà á mọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Gbogbo ohun tí Níyì kà nínú ìwé, kò rí èyí tó lè fi wo ìyàwó rẹ̀ sàn.

"Mo ti di eku rẹ," Pọ̀sí wí lọ́jọ́ kan, ó sì rẹ́rìn-ín. Níyì kò lè rín in.

Pọ̀sí fúnra rẹ̀ ló ní kó ra àgádágodo.

"Olówó orí mi, dókítà ní bí mo ṣe ń sanra yìí, ọkàn mi á dáṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò lè dá ara mi lẹ́kun. Ti ilé ìdáná. Bí mo bá bẹ̀ ọ́, má dá mi lóhùn."

Níyì tì í, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́rùn. Ìwọ̀n oúnjẹ tó bá bù fún Pọ̀sí ni òun náà ń jẹ. Bí Pọ̀sí bá ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, á jókòó tì í nílẹ̀, á di ọwọ́ rẹ̀ mú títí oorun á fi gbé e lọ. Díẹ̀díẹ̀, ara Pọ̀sí ń fúyẹ́. Ìfẹ́ tó le ni, ó sì ń dun àwọn méjèèjì.

Ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ni ìyá Pọ̀sí bá ọmọ rẹ̀, tó ń sunkún, nígbà tó gbé iṣu àti ẹran ìgbẹ́ dé láti Ìlógbò.

"Yéè! Níyì, o ti oúnjẹ mọ́ ọmọ mi nínú ulé ọkọ rẹ̀?"

Níyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màámi, ẹ dákun. Ọpọlọ rẹ̀ ni kò mọ̀ pé ó ti yó. Bí a bá fi sílẹ̀ kó máa jẹ, a ó pàdánù rẹ̀."

"Oúnjẹ ò pa ọmọ ẹnìkankan rí! Àìjẹun ló ń pani. Ṣé ufẹ́ lò ń pe èyí? Ọlámipọ̀sí, dìde, jẹ́ á relé. Mà á gún uyán fún ọ."

"Pọ̀sí, sọ fún wọn," Níyì bẹ̀ ẹ́. "Ìwọ lo ní kí n tì í."

Pọ̀sí wo ọkọ rẹ̀. Ó wo àpò iṣu.

"Irọ́ ló ń pa, Màámi. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Níyì kò bá a jà. Ó tẹ̀lé wọn dé ìdí takisí tó ń dúró, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ojú fèrèsé ọkọ̀.

"Àyànfẹ́ mi, ṣé ìwọ lo sọ̀rọ̀ yẹn, àbí ebi ni?"

Omijé ń dà lójú Pọ̀sí. Ó di ọwọ́ Níyì mú pinpin. "Ebi ni. Èmi fẹ́ dúró tì ọ́."

"Sọ̀kalẹ̀ nígbà náà. Jọ̀ọ́."

"Mi ò lè sọ̀kalẹ̀, Níyì. Màámi ti dárúkọ iyán."

Ìyá rẹ̀ já búrẹ́dì tó rà ní Ìfàkì nígbà tó ń bọ̀ sí méjì, ó fún un ní èyí tó tóbi. Pọ̀sí fi ọwọ́ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó lè gbà á.