Ohùn Inú Orí Waheed

Ọjọ́ tí Adépéjú kọ́kọ́ rí Waheed, ó rò pé aláfojúdi ni. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ ìyá Waheed ní Kémta, ó kí Waheed, ọkùnrin náà dáhùn, ṣùgbọ́n ògiri ló kọjú sí.

"Ẹ má bínú, àǹtí," ni Waheed wí. "Ọrùn mi ló yí síbẹ̀. Etí mi wà lọ́dọ̀ yín."

Adépéjú wá wò ó dáadáa. Ọrùn náà ti lọ́, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká. Ó mọ àìsàn náà. Dísítóníà ni àwọn dókítà ń pè é. Ọpọlọ ló ń pàṣẹ òdì fún iṣan. Iṣẹ́ Adépéjú gan-an nìyẹn. Nílé ìwòsàn kan lójú ọ̀nà Ìtórí, bí oníṣẹ́ abẹ bá ń ki wáyà tín-ín-rín bọ inú ọpọlọ aláìsàn, òun ló máa ń fetí sí bí ọpọlọ ṣe ń ró nínú ẹ̀rọ, tí á sì sọ ibi tí wáyà dé.

Kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Aṣọ ló rà. Lọ́sẹ̀ kejì, ó padà wá, kò ra nǹkan kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé kì í ṣe àdìrẹ ló ń wá.

Alhaja Bàrákátù, ìyá Waheed, fẹ́ràn Adépéjú. Ṣùgbọ́n bàbá Adépéjú, Tíṣà Ọláògún ti Ìjẹmọ̀, kọ̀ jálẹ̀.

"Mi ò sọ ti ẹ̀sìn," ló wí. "Mùsùlùmí pọ̀ nínú ẹbí wa. Àmọ́ ọkùnrin tí kò lè wo iwájú, báwo ló ṣe fẹ́ tọ́jú ọmọ mi?"

Adépéjú wá sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún Waheed, ó sì mú un lọ sílé ìwòsàn wọn. Nígbà tí dókítà gbà láti ṣiṣẹ́ abẹ wáyà náà fún un, Waheed pe Adépéjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Péjú mi, ta ló máa fetí sí orí mi?"

"Èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe níbẹ̀."

"Olólùfẹ́ mi, jẹ́ ká ṣègbéyàwó kí wọ́n tó ṣe é."

"Rárá. Bí mo bá jókòó síbẹ̀ bí ìyàwó rẹ, ẹ̀rù á dí mi létí."

Ó dun Waheed. Ó dun Adépéjú náà, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó lọ bá oníṣẹ́ abẹ, Dókítà Rẹ̀mílẹ́kún.

"Mà, mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Bí ẹ bá rí i pé ọkàn mi ò balẹ̀, ẹ dá iṣẹ́ dúró."

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ṣe é. Waheed ò sùn; wọ́n kàn fi abẹ́rẹ́ pa orí rẹ̀ kú tipiri ni. Bí wáyà ṣe ń wọlé, ọpọlọ ń ró bí òjò lórí páànù. Lójijì, ariwo náà fọ́nká. Adépéjú ní kí wọ́n pa iná. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sójú Waheed, ó pa á, ó tún tàn án. Bó ṣe ń tàn án ni ohùn náà ń lọ sókè. Wáyà ti kan iṣan ìríran.

"Ẹ dúró, mà."

"Àwòrán orí rẹ̀ fi hàn pé a ò tíì débẹ̀," ni dókítà wí.

"Àwòrán àná nìyẹn, mà. Orí tòní ni mò ń gbọ́. Ẹ fà á sókè, mílímítà méjì."

Dókítà fi iná mànàmáná díẹ̀ dán wáyà náà wò. "Waheed, kí lo rí?"

"Iná wẹ́wẹ́, bí iná ọkọ̀ nínú òjò."

Wọ́n fà á sókè. Iná wẹ́wẹ́ náà lọ.

"Péjú wà níbẹ̀?" ni Waheed bi wọ́n.

"Dókítà ni kó o dá lóhùn, ọ̀gbẹ́ni," ni Adépéjú wí.

Ọrùn náà ò tọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sí ìyàtọ̀. Bátìrì tó ń fún wáyà náà níná wà lábẹ́ awọ àyà rẹ̀, wọ́n ń yí agbára rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin, orí Waheed dé àárín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì máa ń tẹ̀ bó bá ti rẹ̀ ẹ́.

Òun àti Adépéjú lọ sí Ìjẹmọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

"Bí bátìrì yẹn bá kú ńkọ́?" ni Tíṣà Ọláògún bi í.

"Wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, sà. Bí a ò bá rí òmíì, ọrùn mi á padà lọ́. Mi ò ní parọ́ fún yín."

Tíṣà yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé o gbọ́?"

"Mo ti mọ̀, Bàbá, kí n tó fẹ́ràn rẹ̀."

Bàbá bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀.

"Dìde nílẹ̀," ló wí. "Ọrùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ò yẹ kó pẹ́ nílẹ̀ báyìí. Ọjọ́ wo làwọn ẹbí yín ń bọ̀?"