Káfíńtà Ọkọ̀ Òfurufú

Inú tó ń bí Mùjídàt nígbà tó já wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Tákíè, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, kò jẹ́ kó tètè rí i pé ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ rẹwà. Téèpù kásẹ́ẹ̀tì tó ti tú ló fi kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ń fi ìka kan ṣoṣo wé e padà sáyè rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo ń da fíìmù àtijọ́ sórí fóònù fáwọn èèyàn?"

"Èmi Saifudeen náà ni. Ẹ káàsán, Àǹtí oníbìínú."

"Má kí mi! Fíìmù ọkọ̀ òfurufú tó já sínú igbó, ibo lo gbé orúkọ àwọn tó ṣe é sí?"

Saifudeen mọ ohun tóun ṣe. Bí "Ògo ni fún Ọlọ́run" bá ti yọ lójú fíìmù báyìí, òǹwòran á dìde, á máa wá bàtà. Ibẹ̀ lòun ti máa ń gé e. Ẹ̀yìn ìyẹn gan-an sì lorúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde.

"Bàbá mi Àlàmú ló kan ọkọ̀ yẹn! Pákó àti páànù ni, bẹ́ẹ̀ gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ sunkún nígbà tó já. Lónìí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù. Orúkọ nìkan ló kù fún un, o tún gé e dànù. Ṣé o ò lójú àánú ni?"

"Mo jẹ̀bi," ni Saifudeen wí. Ó bọ́ téèpù lọ́rùn, ó dìde fún un.

Mùjídàt ò retí ìyẹn. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì láti wò ó bóyá ó ti tún un ṣe, ó tún wá lọ́sẹ̀ kẹta.

"Ṣé ìjà lo bá wá lónìí, olólùfẹ́, àbí o wá kí mi?"

"Méjèèjì ni."

Àmọ́ ẹ̀rọ ti jẹ ìparí kásẹ́ẹ̀tì náà. Nígbà tí Saifudeen sì lọ tọrọ Mùjídàt, Bàbá Àlàmú ò tilẹ̀ gbé òòlù sílẹ̀.

"Ìwọ tó gé mi kúrò nínú iṣẹ́ ọwọ́ mi, ìwọ náà lo fẹ́ gba ọmọ mi? Jáde!"

Kò bi í pé ọmọ ta ni, ìbéèrè tí bàbá gbogbo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló dun Mùjídàt dénú egungun.

"Bàbá, ohun tí wọ́n ṣe fún yín lẹ̀yin náà ń ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ yìí!"

Saifudeen kọrí sí Ọ̀yọ́, ìlú rẹ̀. Ojúlé dé ojúlé ló ń béèrè kásẹ́ẹ̀tì fíìmù náà, títí Màmá Rúùtù, tó ṣe èrò ọkọ̀ nínú fíìmù náà, fi yọ kásẹ́ẹ̀tì kan jáde lábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Odindi ni.

Lọ́sàn-án Sátidé, Mùjídàt fi tipátipá mú bàbá rẹ̀ wá sí Tákíè. Saifudeen ti gbé tẹlifíṣọ̀n síta, èrò ti pé. Bí "Ògo ni fún Ọlọ́run" ṣe yọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

"Ẹ jókòó!" Mùjídàt ké mọ́ wọn. "Ẹ ò ní kú tẹ́ ẹ bá ka orúkọ èèyàn!"

Wọ́n jókòó, títí kan àwọn ọlọ́kadà. Orúkọ ń lọ, ó ń lọ, Saifudeen wá dá a dúró: *Káfíńtà ọkọ̀ òfurufú: Àlàmú.*

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Àlàmú ṣí fìlà, ó fi nu ojú. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Saifudeen.

"Ìwọ, ọmọ ta ni ẹ́?"

Saifudeen dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn.

"Ọmọ Gàfárù ni mí, bàbá, nílùú Ọ̀yọ́."

"Sọ fún Gàfárù kó wá rí mi. Kó má pẹ́."