Ọṣẹ Tí Kò Tíì Gbó

Thekla ń yí ọṣẹ padà lórí pákó nígbà tó gbọ́ alùpùpù Manousos lẹ́nu ọ̀nà. Yàrá ọṣẹ wà lẹ́yìn ilé wọn, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ wọlé tọ̀sán-tòru. Argyro, ìyá rẹ̀, ló gé àwọn ọṣẹ náà kó tó wọ ọkọ̀ lọ sí Chania láti lọ bá ẹ̀gbọ́n Thekla wẹ ọmọ tuntun. Ọ̀rọ̀ kan ló tẹ̀ mọ́ ọn létí kó tó lọ: ọṣẹ kankan kò gbọdọ̀ jáde nínú yàrá yẹn títí òun yóò fi dé. Àbẹ́là ni kí Thekla máa ṣe, nítorí ọdún Àjíǹde ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Thekla, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Láti kékeré ló ti ń ro òróró ólífì pọ̀ mọ́ omi sódà tí ń jó awọ, tó ń ri òwú bọ inú ìda oyin gbígbóná, tó ń fà á yọ, tó tún ń rì í padà, títí àbẹ́là yóò fi sanra. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni wọ́n ń pè é nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n rò pé àwọn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àmọ́ orúkọ náà dùn mọ́ ọn.

Manousos, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, mú ìròyìn wá. Màdáàmù Fotini fẹ́ ṣí ilé àlejò tuntun létí èbúté, ó sì ń wá ọṣẹ àfọwọ́ṣe tí yóò kó sí gbogbo yàrá. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò ti máa rà á ní gbogbo ìgbà ooru. Ṣùgbọ́n ọ̀la ló fẹ́ ẹ. Bí kò bá rí i, yóò ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ńlá kan ní ìlú.

Thekla ní èyí tó gbó ti tán lọ́jà, èyí tó kù kò sì tíì ṣeé lò, ó ṣì gbọ́dọ̀ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú atẹ́gùn kó tó gbó. Manousos mú ọ̀kan, ó gbé e símú.

"Ta ni yóò mọ̀? Ó ń dán, ó ń ta sánsán. Ṣé àlejò tó fẹ́ fọwọ́ á máa bi ọṣẹ pé ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ kì í wẹ̀ àfi tí ọdún bá dé, kí lẹ mọ̀ nípa ọṣẹ?"

"Mo mọ̀ pé ọjà tí a kò bá tà lónìí, ẹlòmíì á tà á lọ́la. Àbí ibi tí ìyá rẹ fi ọ́ sí lo fẹ́ kó padà wá bá ọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Thekla lára. Nígbà tí Manousos lọ tán, ó fi ahọ́n kan ọṣẹ náà, bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ó ta á bí ata. Ọṣẹ tó gbó kì í ta ahọ́n. Sódà ṣì wà láàyè nínú rẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bébà wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi òwú dì wọ́n.

Màdáàmù Fotini yìn ín títí. Ó kó ọṣẹ sí gbogbo yàrá, ó sì fi ọ̀kan sílé ìdáná. Thekla yan lọ sílé bí ọmọ ọba.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó kó àbẹ́là lọ fún wọn, èyí tí wọn yóò tàn sórí tábìlì oúnjẹ. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti gbọ́ ohùn Màdáàmù Fotini nílé ìdáná. Mirela, obìnrin ará Albania tó ń bá a fọ abọ́ àti aṣọ ibùsùn, ló ń bá wí. Ọwọ́ Mirela méjèèjì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, awọ rẹ̀ ti là láàárín ìka. Màdáàmù ní oògùn ìfọṣọ ló fà á, nítorí Mirela kì í gbọ́ràn, kì í wọ ìbọ̀wọ́. Pẹ̀lú irú ọwọ́ yẹn, òun yóò wá ẹlòmíì, nítorí àlejò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Mirela ń ṣàlàyé pé òun wọ ìbọ̀wọ́ lójoojúmọ́, pé ẹ̀yìn iṣẹ́ nìkan lòun ń bọ́ ọ láti fọwọ́.

Thekla wo ọṣẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Ó ti tán dé ìdajì. Kò sẹ́ni tó fura sí i. Bó bá gbé àbẹ́là rẹ̀ kalẹ̀ tó yísẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ náà ti tán sórí Mirela nìyẹn. Ó gbé àbẹ́là kalẹ̀, kò yísẹ̀ padà.

"Màdáàmù," ó ní, "ẹ má lé wọn. Ọṣẹ mi ni. Kò tíì gbó, mo sì mọ̀ kí n tó kó o wá."

Màdáàmù Fotini kò pariwo. Ó ní kí Mirela máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kí Thekla lọ kó gbogbo ọṣẹ náà kúrò nínú yàrá, kó má sì gbé ọṣẹ wá síbẹ̀ mọ́. Thekla bẹ Mirela pẹ̀lú omijé lójú. Mirela padà sídìí abọ́ rẹ̀.

Manousos pè é ní òmùgọ̀. Ó ní ẹni tí wọn kò bi léèrè kì í jẹ́wọ́. Thekla pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó sọ gbogbo rẹ̀, ó sì ń retí èébú. Ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ bi í ni pé báwo ni ọwọ́ obìnrin náà ṣe rí. Lẹ́yìn náà ló kọ́ ọ bí yóò ṣe yọ́ ìda oyin pẹ̀lú òróró ólífì láti fi ṣe ìpara, tí yóò sì máa gbé e lọ fún un lójoojúmọ́ títí ọgbẹ́ náà yóò fi jinná.

Ìyá rẹ̀ dé kí ọdún tó kò. Ní ọ̀sán Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, ó ní kí Thekla nìkan jókòó ti tábìlì tí wọ́n ti ń ta àbẹ́là lágbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí alẹ́ ọjọ́ náà ni gbogbo ìlú ń tan àbẹ́là níbẹ̀. "Ìwọ lo ba orúkọ wa jẹ́," ó ní, "ìwọ náà ni wàá tún un ṣe."

Ọ̀rọ̀ ti kárí èbúté. Àwọn obìnrin ń kí i, wọ́n ń kọjá lọ. Ọ̀kan gbé àbẹ́là wò, ó béèrè bóyá ìda oyin gidi ni, ó gbé e kalẹ̀, ó lọ. Ojú ti Thekla, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó mọ̀ pé àbẹ́là òun dára, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló rì wọ́n, kò sì kánjú.

Mirela ló dé lẹ́yìn náà, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń jinná. Ó ṣa àbẹ́là tó tóbi jù fún ara rẹ̀, ó mú kékeré fún àwọn ọmọ. Obìnrin tó gbé àbẹ́là kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó ṣì wà nítòsí, bi í pé ṣé ẹ̀rù kò bà á ni.

"Ẹ̀rù kẹ̀?" Mirela ní. "Ọmọ yìí lè dákẹ́ kí wọ́n lé mi lọ. Kò dákẹ́. Ẹni tí kò lè parọ́ nípa ọṣẹ tó ti tà tán, ṣé nípa àbẹ́là ni yóò wá parọ́ fún mi?"

Obìnrin náà padà sídìí tábìlì, ó mú méjì. Àwọn yòókù rí i, wọ́n sì yà wá rà. Kí agogo ìrọ̀lẹ́ tó lù, tábìlì Thekla ti ṣófo.

Nígbà tí ọṣẹ gbó, Thekla fúnra rẹ̀ gbé e lọ bá Màdáàmù Fotini, ó sì fi bọ́jú níṣojú rẹ̀. Màdáàmù gbà á, ó ní ilé ìdáná nìkan ni, kò tíì yá fún yàrá àlejò. Thekla dúpẹ́. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń dúró.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìkánjú Thekla ná an ní oníbàárà ńlá, ó sì dá ọgbẹ́ sára ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Òótọ́ tó sọ nígbà tí kò sẹ́ni tó bi í ló dá ọjà padà fún un. Bí ọ̀dọ́ bá ṣàṣìṣe, kí ó má jẹ́ kí ẹlòmíì ru ẹrù rẹ̀. Ẹni tó bá ru ẹrù ara rẹ̀ ni ọjà ń dúró dè.