Ohùn Tí Mo Dá Lóhùn Nídìí Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin abiyamọ, bí ọmọ yín bá pè yín láti ibi tí kò lè sí, ṣé ẹ ó dá a lóhùn, àbí ẹ ó dákẹ́?

Mo dá a lóhùn. Ọlọ́run ń gbọ́ mi. N kò bù mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì yọ níbẹ̀. Ìwé kẹfà ni mo kà. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni n ó ṣe kọ ọ́.

Beauport nilé wa, lẹ́bàá ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ Montmorency, níbi tí odò ti ń já bọ́ láti orí àpáta gíga. Àwọn àlejò ń tọ̀nà jíjìn wá wò ó. Àwa kì í tilẹ̀ gbọ́ ariwo rẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n bí sídìí ariwo, ìdákẹ́jẹ́ ló ń jí i.

Ní Àjíǹde ọdún 1953, ikọ́ ń pa Colombe ọmọ mi lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Láti Kérésìmesì ló ti wà lórí ibùsùn. Dókítà wá, ó mi orí, ó lọ.

Ìyá ọkọ mi, Albertine, ní kí n lọ pọn omi Àjíǹde. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Omi tó ń ṣàn, tí a bá bù ú kí oòrùn Àjíǹde tó yọ, kì í bàjẹ́, ó sì ń wo aláìsàn sàn.

"Láti ẹnu ilẹ̀kùn lọ, láti ibẹ̀ bọ̀, o ò gbọdọ̀ lanu o."

Huguette, àbúrò ọkọ mi, bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ta lẹ ń kìlọ̀ fún? Ìyàwó wa tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀! Ẹ̀yin gan-an lẹ ò lè kọjá ajá aládùúgbò kẹ́ ẹ má kí i."

"Ìwọ náà, ẹnu ẹ ni ò jẹ́ kí ọkọ dúró."

Òtútù ṣì mú odò kékeré ẹ̀yìn ilé dì gbagidi. Mo gba ìdí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ lọ.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Omi ń fọ́n sí mi lójú. Mo tẹ ìgò bọ inú odò. Ariwo náà dáwọ́ dúró.

Mo gbójú sókè. Omi ń já. Mo rí i tó ń já. Kò dún.

"Màmá."

Ohùn Colombe ni. Láti ẹ̀yìn omi. Bẹ́ẹ̀ rèé, orí ibùsùn ni mo fi í sí nílé.

"Màmá, ẹ wá mú mi."

Mo gbàgbé ìkìlọ̀. "Mò ń bọ̀, ọmọ mi."

Ariwo padà, gbòòò.

Mo sáré délé. Colombe wà nídìí tábìlì, ó ń jẹ búrẹ́dì. Kò wúkọ́. Omi tí mo pọn ò tíì kàn án lára.

"Ṣé o sọ̀rọ̀ lọ́nà?" Ìyá ọkọ mi bi mí.

Mo mi orí. Mo purọ́ lọ́jọ́ Àjíǹde.

Gbogbo ilé ń yọ̀. Fernand, ọkọ mi, ra bàtà tuntun fún un. Ọmọ náà ń sáré, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní Màmá mọ́.

Nígbà ooru, a gbé oúnjẹ lọ sídìí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Èrò pọ̀ bí eṣú. Láàárín wọn, etí mi di. "Màmá."

Láti ẹ̀yìn omi ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Colombe ń wò mí. "Ẹ má dáhùn," ló wí jẹ́jẹ́.

"Kí n má dá ta lóhùn?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n." Ó bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ewé pọ́n kí òtútù tó dé, èmi nìkan padà lọ sídìí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Ohùn náà ń wúkọ́. Mo mọ ikọ́ yẹn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi.

Mo jẹ́wọ́ fún Fadá. "Ọmọ ẹ wà nílé, Rolande," ló wí. "Dúpẹ́, kí o sì sinmi."

Mo ka rosari títí ìka mi fi bó. N kò sinmi.

Nígbà òtútù, omi tó ń fọ́n dì, ó di òkè yìnyín funfun nídìí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé ń yọ̀ lórí rẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Mo dúró lókèèrè.

"Màmá, òtútù ń mú mi."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo ká bùláńkẹ́ẹ̀tì. Colombe dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bẹ́ ẹ bá lọ mú un, èmi ńkọ́?"

Mo kọjú sí i. "Ta ni ọ́?"

"Èmi tí ẹ ń di irun fún."

Mo fẹnu kò ó níwájú orí. Ó gbóná, bí orí ọmọ yòówù. Mo sunkún. Mo sì jáde.

Mo gun òkè funfun náà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí mo ti dé òkè, ariwo dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ mímí, kúkúrú, kúkúrú.

"Ṣé ẹ̀yin ni?"

Ẹ má bi mí ohun tí mo bá lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí mo fi ọmọ kejì sí, nígbà tí mo padà sílé.

Mo tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sí àyà mi. Mo na apá méjèèjì sínú omi tó ń já láìdún. Nǹkan kan dì mọ́ mi lọ́rùn. Ó tutù. Ó wúkọ́.

Mo ní, "Mo ti dé, ọmọ mi. Mo pẹ́, ṣùgbọ́n mo ti dé."